Ìdámẹ́wàá Owó Ìka

Òórùn ló jí i. Ó kọ́kọ́ rò pé eku ló kú sẹ́yìn àpótí aṣọ, ó dìde jókòó, ó ń fi imú wá ibi tó ti ń wá. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ibùsùn ló rí báńdéèjì tí wọ́n tú kúrò lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ àná, nínú abọ́ tí wọ́n jù ú sí. Ibi tó pupa lánàá ti di dúdú, etí rẹ̀ sì ti ń ṣe bí ewé tó rà. Kì í ṣe eku. Ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ló ń rùn.

Ọkọ náà kò sí lórí ibùsùn.

Lagilagi ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń la pákó ló ti ń jẹun. Ọjọ́ kọkànlá nìyí tí ayùn ńlá ibẹ̀ ti gba ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Iléeṣẹ́ náà kò fa ọ̀rọ̀ gùn. Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀gá kékeré kan gbé owó gbà-má-bìínú wá, ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba, ó ní kí Lagilagi fi àtàǹpàkò òsì tẹ̀wé, ó sì lọ láìmu omi. Iye tí ọsibítù bèèrè fún iṣẹ́ abẹ nìyẹn gẹ́lẹ́. Dókítà tó mọ̀ nípa ọwọ́ kì í wá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó sì ti sọ ọ́ fún tọkọtaya náà láìfi bò: ọgbẹ́ ti ń jẹrà sínú. Bí wọ́n bá ṣí i lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yìí kí wọ́n fọ̀ ọ́, ọwọ́ á kù. Bó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, láti ọrùn ọwọ́ ni wọ́n á ti gé e. Kí wọ́n sì ti sanwó kí aago méjì ọ̀sán tó lù.

Òní ni Ìṣẹ́gun ọ̀hún.

Ìyàwó wé gèlè, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Màmá, ìyá ọkọ rẹ̀, ti jókòó sórí àpótí, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú atẹ, ó ń da òkúta rẹ̀ sápá kan.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Bàbá ọmọ mi dà?"

"Ó jáde."

"Jáde lọ síbo? Pẹ̀lú ibà?"

Màmá gbé ẹ̀wà kan sókè, ó wò ó nínú ìmọ́lẹ̀, ó jù ú nù. "Ẹni tó fẹ́ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, ṣé kò gbọ́dọ̀ lọ gbàdúrà ni?"

Kò pẹ́ tí Lagilagi wọlé. Ó fi aṣọ gbé ọwọ́ ọ̀tún kọ́rùn, eruku bo bàtà rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń dán bí ojú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ kúrò nínú omi. Ìyàwó fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó yára fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ara rẹ̀ gbóná bí irin ìlọṣọ.

"Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Nọ́ọ̀sì ní n ò gbọ́dọ̀ jẹ ohunkóhun."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," Màmá dá sí i. "Àá kà á mọ́ ààwẹ̀."

Ìyàwó gé búrẹ́dì fún ọmọbìnrin wọn, ó po tíì, ó fi ìyókù ṣúgà sí i, ó sì ń wò ó títí ó fi jẹun tán tó gbé báàgì ilé-ìwé kọ́ èjìká. Ọmọ náà fẹ́ dì mọ́ bàbá rẹ̀ kó tó jáde, ṣùgbọ́n òórùn yẹn lé e. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó juwọ́ sí i. Bàbá náà fi ọwọ́ òsì juwọ́ padà. Àti òun àti ọmọ ló ṣe bí ẹni pé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn.

Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́wàá, ìyàwó wọnú yàrá iwájú. Aránṣọ ni, aṣọ ilé-ìwé ló sì máa ń rán jù. Inú dúrọ́ọ̀ máṣíìnì rẹ̀, lábẹ́ àwọn kẹ̀kẹ́ òwú, ni wọ́n fi owó náà pamọ́ sí. Ó mú un jáde, ó kà á. Ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ló da gbogbo dúrọ́ọ̀ sílẹ̀, bọ́tìnnì àti abẹ́rẹ́ àti síìpù, ó sì fi ọwọ́ tú u bí ẹni tó ń wá kòkòrò nínú irẹsì. Ogún ẹgbẹ̀rún kò sí níbẹ̀.

Olè ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ó sáré jáde, ó ti la ẹnu láti kígbe pè aládùúgbò, kó tó rí ojú ọkọ rẹ̀. Lagilagi kò wò ó. Ògiri ló ń wò, ibi tí kò sí nǹkan kan lára rẹ̀.

"Bàbá ọmọ mi. Owó ò pé."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀ báwo?"

"Mo ti san ìdámẹ́wàá rẹ̀. Láàárọ̀."

Ọwọ́ Màmá kò dúró nínú atẹ ẹ̀wà. Ìyàwó wo ọ̀kan, ó wo èkejì, ó wá yé e pé òun nìkan ni kò mọ̀ nínú ilé náà.

"Ìdámẹ́wàá kí ni? Èrè wo lẹ jẹ?"

"Owó tó wọlé ni."

"Owó tó wọlé! Ìka yín ló kọ́kọ́ jáde kó tó wọlé! Ṣé owó oṣù ni? Ṣé wọ́n fi ta yín lọ́rẹ ni? Wọ́n gé ẹran ara yín, wọ́n fún yín lówó kẹ́ ẹ lọ fi rán ojú ibẹ̀, ẹ wá ń yọ ìdámẹ́wàá nínú ẹ̀!"

"Sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́," Màmá wí. "Ògiri ilé yìí ò nípọn."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́, Màmá! Ọsibítù ò ní gba owó tí ò pé. Aago méjì ni wọ́n dá fún wa."

Màmá gbé atẹ sílẹ̀ nígbà náà. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró. Kì í ṣe obìnrin tó ń pariwo, ohùn jẹ́jẹ́ yẹn gan-an ni ìyàwó máa ń bẹ̀rù. "Ta ló kọ́ ọ ní ìṣirò? Ọkùnrin yìí, látìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́, lórí gbogbo owó oṣù rẹ̀ ló máa ń san án, kí wọ́n tó yọ owó orí, kí wọ́n tó yọ owó ìfẹ̀yìntì. Ìwọ lo ní kó máa san án lórí èyí tó bá dé ọwọ́ ẹ̀. O ní èyí tí ojú ẹ̀ ò rí kì í ṣe tiẹ̀. O sọ ọ́ àbí o ò sọ ọ́?"

"Mo sọ ọ́, Màmá."

"Oṣù mélòó ló fi ṣe é?"

Ìyàwó wo aṣọ tí ọkọ rẹ̀ fi gbé ọwọ́ kọ́rùn.

"Oṣù mẹ́rin," Màmá ní. "Oṣù mẹ́rin péré. Ayùn tó ti ń lò fún ọdún mọ́kànlá. Kò fọwọ́ kàn án rí."

Níta, ẹnìkan ń fọ abọ́, lẹ́yìn náà onítọ̀hún dáwọ́ dúró kó lè gbọ́ dáadáa.

Lagilagi ló wá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀ tó fi jẹ́ pé ìyàwó ní láti sún mọ́ ọn. "O ò sí níbẹ̀. Bí ayùn yẹn ṣe mú mi, tí mo wo ọwọ́ mi tí mi ò rí i, kì í ṣe orúkọ Jésù ló wá sí mi lẹ́nu. Ajẹnirun, èyí tí wọ́n ní ó ń bá ẹni tí ò san ìdámẹ́wàá pé. Ohun tí mo pè nìyẹn. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ gbọ́ ọ. Tí mo bá dijú báyìí, òun ni mo ń rí. Ó jókòó. Ó ń dúró dè mí." Ó fi ọwọ́ òsì nu òógùn ojú. "Wọ́n fẹ́ kùn mí lóorun lónìí. Mo fẹ́ sùn láìmọ ẹni tó máa jí mi. Ṣé kí n wá gbé gbèsè Ọlọ́run wọ ibẹ̀? Tó bá jẹ́ owó tá a jí ni wọ́n fi ṣe ọwọ́ náà, ṣé ó lè jinná?"

"Owó tá a jí? Ta la jí i lọ́wọ́ ẹ̀?"

Ó fi ìka òsì tọ́ka sí òrùlé.

Ìbínú ìyàwó ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ibi tó máa dà á sí mọ́. Ó ti bá ọkùnrin yìí gbé fún ọdún méjìlá, ó ti rí i tí ebi ń pa á, ó ti rí i tó ń jà. Kò rí i kó máa gbọ̀n rí. Kì í sì í ṣe ibà nìkan ló ń mú un gbọ̀n.

Obìnrin tó ń ṣe búrẹ́dì nínú yàrá kejì ló kọ́kọ́ wọlé, ìyẹ̀fun dé ìgúnpá. Ó ní òun kò fetí sí i o, etí òun ló gbọ́ ọ. Ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó, ó fi ẹgbẹ̀rún mẹ́rin sí i lọ́wọ́. "Ohun tí mo ní nìyí. Tó o bá rí i, kó o dá a padà." Ó wo Màmá, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Èmi, lórí èrè ni mo máa ń yọ tèmi. Màá kọ́kọ́ yọ owó ìyẹ̀fun, owó igi, owó ṣúgà." Ó fi ọwọ́ ìyẹ̀fun bo ẹnu. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnì kankan o. Lórí ọmọ tó wà níkùn mi, ẹ má sọ fún ẹnì kankan."

Ọkùnrin tó ń lẹ táyà lẹ́nu géètì kígbe láti ibi tó jókòó sí: "Ẹ sọ fún ọsibítù kí àwọn náà yọ ìdámẹ́wàá tiwọn nínú owó tí wọ́n fẹ́ gbà!" Àwọn kan rẹ́rìn-ín nínú àgbàlá. Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ẹnìkan ní kó fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sílẹ̀, kí irú ẹ̀ má bàa dé bá òun náà pẹ̀lú rọ́bà tó ń yọ́. Ọkùnrin oní-táyà náà tẹrí ba, ó ń wo iná tó fi ń lẹ táyà.

Ìyàwó ní ẹgbẹ̀rún méjì àti ààbọ̀ tirẹ̀. Pẹ̀lú mẹ́rin ti aládùúgbò, ó ku ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlá àti ààbọ̀. Ó wo aago. Kò tún bá ẹnikẹ́ni jà mọ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un lọ sí ọsibítù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ní owó ń bọ̀."

"Níbo ló ti ń bọ̀?"

"Mo fẹ́ lọ wá a."

Màmá wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ó ṣeé ṣe kó ti mọ̀ nígbà náà. Ó gbé ìborùn rẹ̀, ó di apá òsì ọmọ rẹ̀ mú, àwọn méjèèjì sì jáde.

Ṣọ́ọ̀ṣì náà kò jìnnà. Ọ̀nà tí ìyàwó máa ń rìn ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni, ṣùgbọ́n lónìí, ó ń ṣe é bíi pé àwọn tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà mọ ohun tó fẹ́ lọ ṣe. Ó kí gbogbo ènìyàn, ó kí wọn ju bó ṣe yẹ lọ. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ṣófo, wọ́n ti to àwọn àga rọ́bà léra, ipasẹ̀ bàtà ẹnìkan sì wà nínú eruku lẹ́bàá pẹpẹ. Ó mọ bàtà náà. Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá kó má bàa tẹ̀ ẹ́.

Yàrá akápò ìjọ wà lẹ́yìn. Bàbá arúgbó kan ni, akọ̀wé tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tí kì í jẹ́ kí bírò dùbúlẹ̀ láìdé e lórí. Fáànù kékeré kan ń ké lórí tábìlì rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, arábìnrin. Arákùnrin wa ń kọ́? Mo rí i láàárọ̀. Ara ẹ̀ ń gbọ̀n."

"Ọwọ́ yẹn ló ń dà á láàmú, sà."

"A ti fi í sínú àdúrà."

"Ẹ ṣeun, sà." Ó kúnlẹ̀, ó dìde. "Bàbá, owó yẹn ni mo bá wá. Ogún ẹgbẹ̀rún tó mú wá. Mo fẹ́ gbà á padà."

Akápò bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó nu ún, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ìdọ̀tí kankan. "Ọdún mẹ́rìndínlógún rèé tí mo ti jókòó sórí àga yìí," ó wí. "Wọ́n ti wá yáwó lọ́wọ́ mi. Wọ́n ti wá sunkún níbi tẹ́ ẹ dúró sí yẹn. Ẹnì kankan ò wá gbà á padà rí."

"Mo mọ̀, sà."

"Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń pe ìyẹn."

"Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan, torí ẹ mọ ìṣirò. Mo rán aṣọ ilé-ìwé kan, wọ́n fún mi ní ẹgbẹ̀rún méjì. Mo ti fi ẹgbẹ̀rún kan àti ẹgbẹ̀rin ra aṣọ, òwú àti síìpù. Èló ló wọlé?"

"Pásítọ̀ ti ṣàlàyé ẹ̀ lórí pẹpẹ. Lápapọ̀ ni. Kí ẹ tó yọ ohunkóhun."

"Igba ni ìdámẹ́wàá ẹ̀ nìyẹn."

"Igba ni."

"Igba náà ni mo jẹ lórí ẹ̀, sà. Mo fi gbogbo ẹ̀ san. Kí ni ọmọ mi máa jẹ?"

Akápò mú bírò rẹ̀, ó dé e lórí.

"Mi ò sì wá tìtorí aṣọ ilé-ìwé," ìyàwó ń bá a lọ. "Ìka mẹ́ta ló jáde nílé mi. Owó tó wọlé tìtorí ẹ̀, ara ìka yẹn ni. Kò lé lórí ẹ̀. Kò tilẹ̀ tó o. Níbo ni ìbísí wà nínú ẹ̀, Bàbá? Ẹ fi hàn mí, màá padà lọ."

Bàbá náà yí fáànù díẹ̀ kó lè fẹ́ sí i lára, nítorí òógùn ń ṣàn lójú obìnrin náà. "Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì," ó bẹ̀rẹ̀, "wọ́n kó owó kan fún mi. Owó tí wọ́n ti ń yọ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù mi ni. Mo sì ti san ìdámẹ́wàá ẹ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ owó oṣù, torí lápapọ̀ ni mo máa ń san. Ọmọ mi obìnrin ní, 'Dádì, ẹ ti san eléyìí rí o.' Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n oorun ò kùn mí. Gbogbo ohun tó bá ti dún nínú ilé, màá ní ó ti dé. Ni mo bá tún un san, kí n lè rí oorun sùn."

"Ẹ wá rí i sùn, sà?"

Fáànù ń ké. Akápò gbé gíláàsì rẹ̀ padà sójú.

Lẹ́yìn náà, ó fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó mú àpòòwé kan jáde, ó fi sórí tábìlì láàárín àwọn méjèèjì. Orúkọ Lagilagi wà lára rẹ̀, ọwọ́ òsì ló fi kọ ọ́, lẹ́tà ńlá ńlá tó wọ́ bí ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé. Ìyàwó rí i, omi lé sí i lójú.

"Mi ò tíì kọ ọ́ sínú ìwé," Akápò wí. "Aago mẹ́rin ni Pásítọ̀ ń bọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbé e fún yín, arábìnrin. Ẹ gbọ́ mi? Ọwọ́ mi ò lè gbé e fún ẹnikẹ́ni."

"Mo gbọ́, sà."

Ó dìde, ó di ẹ̀gbẹ́ tábìlì mú. "Mo fẹ́ lọ mu omi lẹ́yìn ilé. Ọjọ́ orí ti dé sí mi. Mo máa ń pẹ́ kí n tó padà." Ó jáde, kò sì bojú wẹ̀yìn.

Ìyàwó nìkan ló kù. Láti ilé ló ti ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun kò bẹ̀rù, pé ẹ̀rù ọkọ òun àti ìyá rẹ̀ ni gbogbo èyí. Ó wá na ọwọ́, ọwọ́ náà kò sì lọ. Ó wo ìka tirẹ̀, márààrún, bí ẹni tó ń wò wọ́n fún ìgbà ìkẹyìn. "Ọlọ́run, ẹ jọ̀ọ́," ó wí, kò sì mọ èyí tó kàn lẹ́yìn ìyẹn. Ó gbá àpòòwé náà mú, ó kì í sínú aṣọ, ó sì jáde.

Bó ṣe fẹ́ sọdá títì ni alùpùpù kan ya bàrá láti ẹ̀gbẹ́. Ó fò sẹ́yìn, atẹ́gùn rẹ̀ gbá ìró rẹ̀. Ọlọ́kadà náà bú u, ó sá lọ. Ìyàwó dúró lẹ́bàá gọ́tà. Bí alùpùpù yẹn bá gbá a, gbogbo ayé ni ìbá mọ ìdí. Wọn ìbá bá àpòòwé náà láyà rẹ̀. Ó ti ń gbọ́ bí wọn ìbá ṣe máa sọ ọ́.

Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago méjì lù nígbà tó kó owó náà sójú fèrèsé agbowó ọsibítù. Obìnrin tó wà níbẹ̀ fi itọ́ ra ìka, ó kà á láìkánjú, ó fún un ní ìwé. Wọ́n ti ń ti Lagilagi lọ lórí ibùsùn onítáyà. Ó yíjú wá aya rẹ̀, ó rí i. Ìlẹ̀kùn sì pa dé.

Ìyàwó àti Màmá jókòó sórí bẹ́ńṣì kan náà.

"O lọ síbẹ̀."

"Mo lọ síbẹ̀, Màmá."

"Wọ́n fún ọ ni, àbí o mú un?"

Ó lè purọ́. Irọ́ náà ti wà lẹ́nu rẹ̀. "Mo mú un."

Màmá dìde. Ó lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì kejì, lẹ́nu ọ̀nà, ó kó aṣọ rẹ̀ jọ sábẹ́ ara, ó sì ń mi ètè láìdún. Obìnrin kan tó gbé ọmọ lọ́wọ́ fẹ́ jókòó sí àyè tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó. Ó wo Màmá, ó wo ìyàwó, ó sì wá ibòmíràn lọ.

Ó lé ní wákàtí méjì kí dókítà tó jáde, tó ń bọ́ fìlà rẹ̀. Àwọn obìnrin méjèèjì dìde lẹ́ẹ̀kan náà láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

"A gba ọwọ́ náà là," ó wí. "Ṣùgbọ́n ìka kẹrin ti kú, a ní láti yọ ọ́. Àtàǹpàkò ló kù fún un. Ó ti kú láti bí ọjọ́ mẹ́ta, kò sí ohun tẹ́nikẹ́ni lè ṣe sí i."

Màmá kò wo dókítà. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló wò.

Ọjọ́ mẹ́ta. Ìyàwó di ọ̀rọ̀ yẹn mú. Lọ́jọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, gbogbo owó ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀, kò sí ẹni tó tíì mú un lọ, kò sí ẹni tó tíì gbé e padà. Ó mọ èyí dájú. Ó ń tún un sọ nínú ara rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé nọ́ọ̀sì lọ. Ṣùgbọ́n bó ti ń sọ ọ́ tó, ohùn mìíràn ń bi í léèrè, jẹ́jẹ́ bíi ti Màmá, bóyá dókítà náà lè ṣi ọjọ́ kà.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí Lagilagi lajú. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ rìn káàkiri àjà, lẹ́yìn náà ló bọ́ sórí ọ̀pọ̀ báńdéèjì tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀.

"Ṣé ó wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀," ìyàwó dá a lóhùn. "Wọ́n yọ ọ̀kan sí i. Ọwọ́ yín wà níbẹ̀."

Ó mi orí. Ó pa ojú dé, wọ́n rò pé ó ti tún sùn. Ó wá ní, "Níbo lẹ ti rí owó tó kù?"

Ìyàwó ń tún aṣọ ìbora rẹ̀ ṣe.

"Ẹ ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àbí?" Ó fẹ́ gbé orí sókè, kò lè gbé e. Ojú rẹ̀ ti là rekete, ẹ̀rù tí wọ́n kùn lóorun lọ́sàn-án ti jí ṣáájú rẹ̀. "Ìyàwó mi. O ò débẹ̀?"

Ìyàwó la ẹnu.

"Èmi ni," Màmá wí.

Ó bọ́ síwájú, ó dúró sáàárín ibùsùn àti obìnrin kejì. "Mo ní owó kan tí mo dì sétí aṣọ. Mo fi pamọ́ de ìsìnkú mi. Èmi ni mo mú un jáde."

"Ogún ẹgbẹ̀rún?"

"Ogún ẹgbẹ̀rún. Sùn."

"Màmá." Ètè rẹ̀ gbẹ. "Ṣé ẹ ti yọ ìdámẹ́wàá tiẹ̀?"

"Mo ti yọ ọ́."

"Lápapọ̀?"

"Lápapọ̀, ọmọ mi."

Èémí jáde lẹ́nu Lagilagi, gígùn, ó sì pa ojú dé. Màmá bu omi díẹ̀ láti fi tọ́ ọ létè, ṣùgbọ́n omi náà ń dà sórí ìrọ̀rí. Ìyàwó gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, ó bá a ṣe é.

Nígbà tí èémí ọkùnrin náà rọlẹ̀, àwọn méjèèjì jáde sí kọ́rídọ̀. Màmá fara ti ògiri. Ó dà bíi pé ó ti kéré sí i láàárín wákàtí kan.

"O ò ní sọ fún un."

"Mi ò ní sọ, Màmá."

"Láéláé. Ìbẹ̀rù yẹn á pa á kí ọgbẹ́ tó pa á." Ó fi etí ìborùn nu ojú. "Mo ti ní owó mi ni. Ọlọ́run gbọ́ mi. Tí ohunkóhun bá ń bọ̀, orí mi ni kó wá. Mo ti dàgbà. Kó má yà sọ́dọ̀ rẹ̀, kó má yà sọ́dọ̀ ọmọ yẹn."

Ìyàwó fẹ́ sọ fún un pé kò sí ohun tó ń bọ̀. Ẹnu rẹ̀ kò ṣí.

Ohun kan já lulẹ̀ nínú wọ́ọ̀dù, ó ró gbàǹgbà. Àwọn méjèèjì ta gìrì, wọ́n sáré padà sẹ́nu ọ̀nà. Korobá ọkùnrin tó ń fọ ilẹ̀ ló ṣubú, omi ń ṣàn lábẹ́ àwọn ibùsùn. Lagilagi ṣì ń sùn. Àyà rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń wálẹ̀. Wọ́n dúró, wọ́n ń wò ó, wọn kò wọlé, wọn kò padà. Ọwọ́ wọn ti wà nínú ara wọn kí wọ́n tó mọ̀, kò sì sí èyí tó kọ́kọ́ fa tirẹ̀ kúrò.